Odò Tí Kò Mọ̀ Pé Òtútù Ti Dé

Bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé ní Atlanta, ọ̀pọ̀ apẹja á ká ọ̀pá ìwọ̀ wọn tì sí igun ilé, wọ́n á ní ó dìgbà tí ewé bá tún rú. Etí odò tí wọ́n ti ń fèjìká gbún ara wọn á ṣófo. Fún ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi fly pẹja, kò sí àsìkò tó dáa tó yìí, torí kò sẹ́ni tó máa dúró wò ó nígbà tí ìwọ̀ ẹ̀ bá ń há sórí igi. Àmọ́ ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè ní ìsọ̀ ni pé, "Fly wo ni kí n rà?" Ìbéèrè náà ò burú, kò kàn tíì kàn án ni. Omi wo ni ẹ fẹ́ lọ? Bí ẹ bá ṣi omi mú nígbà òtútù, ẹ lè kó gbogbo fly tó wà ní ìsọ̀ dání, ẹ ó kàn lọ fọ̀ wọ́n lódò ni.

Fún ẹni tí kò rí i rí: fly ni ìwọ̀ kékeré tí wọ́n fi irun, ìyẹ́ àti òwú wé lára títí tó fi jọ kòkòrò tí ẹja ń jẹ. Kò wúwo rárá, nítorí náà kò ṣe é jù bí ìwọ̀ olójé. Okùn ló ní ìwọ̀n. Okùn là ń fì sẹ́yìn, tí à ń fì síwájú, fly kàn ń bá a lọ ni. Àwọn tó dàgbà ní Ẹ̀pẹ́ tàbí láàárín àwọn Ìlàjẹ, tí ojú wọn ti mọ àwọ̀n àti ìgèrè, lè kọ́kọ́ rò pé eré ọmọdé ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú ọ̀pá náà dání ná.

Trout ni ẹja tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí jù, trout ò sì ní ooru tara ẹ̀. Bí omi bá ṣe tutù tó ni ara ẹ̀ ṣe ń tutù tó. Tí omi bá wà láàárín dígírì 10 sí 16 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á máa jẹun kiri. Tó bá já sí 4 tàbí 5, gbogbo nǹkan inú ara ẹ̀ á falẹ̀, oúnjẹ á pẹ́ kó tó dà nínú ẹ̀, á wá ibú tí omi ò ti yára, á sì dúró síbẹ̀. Kì í ṣe pé kò ní jẹun mọ́ o. Kò kàn ní rìn lọ pàdé oúnjẹ ni. Ohun tó bá gba iwájú ẹnu ẹ̀ kọjá ló máa ya ẹnu sí, èyí tó bá fi ẹsẹ̀ bàtà kan jìnnà sí i, ó di ti odò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé omi ló ṣáájú: ìwọ̀n dígírì mẹ́ta péré lè sọ ọ̀sán tí ẹ̀ ń fa ẹja di ọ̀sán tí ẹ̀ ń ka òkúta. Tẹmómítà kékeré tí wọ́n ń so mọ́ okùn tì bọ omi kò wọ́nwó, ó sì wúlò ju àpótí fly kejì lọ.

Ẹ wá wo Chattahoochee. Ó ń ti òkè Blue Ridge ní àríwá Georgia ṣàn wá, ó sì gba inú ìgboro Atlanta kọjá. Láàárín àwọn ọdún 1950 ni US Army Corps of Engineers dí i ní Buford, ibẹ̀ ni adágún Lanier ti wá. Omi gbígbóná fúyẹ́, òkè adágún ló ń wà. Omi tútù a máa jókòó sísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ yẹn gan-an sì ni ẹnu dáàmù náà ti ń fa omi. Nítorí náà, nínú oṣù keje tí èèyàn ń làágùn létí odò, omi tó ń tú jáde á tutù débi pé ẹsẹ̀ á kú tìmù nínú ẹ̀. Nínú oṣù kìíní, tí yìnyín ti ń mú etí àwọn odò kéékèèké orí òkè, omi kan náà á ṣì wà ní nǹkan bíi dígírì 8 sí 10. Odò náà ò mọ̀ pé òtútù ti dé. Kí wọ́n tó kọ́ dáàmù, ẹja omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń gbé apá ibẹ̀; dáàmù ló sọ ọ́ di ilé trout ní ìlú tí kò yẹ kí trout rí ibi dúró.

Ìdí dáàmù yẹn gan-an lẹja pọ̀ sí. Brown trout tó wà níbẹ̀ ń bímọ fúnra wọn, kì í ṣe pé ìjọba ń kó wọn wá. Lọ́dún 2014 ni ẹnì kan fa ọ̀kan jáde nítòsí dáàmù náà tó wọn pọ́n-ùn 20 àti ounce 14, ó sì di èyí tó tóbi jù nínú àkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ Georgia. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ló máa ń gbé akọ́ṣẹ́ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èmi ò ní rán an lọ. Ẹja ibẹ̀ ti rí fly tó pọ̀, omi ibẹ̀ mọ́ gaara, ohun tí wọ́n sì ń jẹ kéré débi pé akọ́ṣẹ́ ò ní lè fi okùn gba ojú ìwọ̀ ẹ̀ láìwo gíláàsì. Láti ìparí ìgbà ooru títí dé ìbẹ̀rẹ̀ òtútù, atẹ́gùn máa ń tán nínú omi ìsàlẹ̀ adágún, ó sì máa ń gbé èròjà irin àti manganese jáde, omi á wá ṣókùnkùn. Ìyẹn máa ń lọ nígbà tí omi òkè àti omi ìsàlẹ̀ adágún bá ti dàpọ̀ tán.

Ohun tó wá burú jù ni omi tí wọ́n ń ṣí. Dáàmù náà ń pèsè iná mànàmáná. Tí wọ́n bá nílò iná, wọ́n á ṣí omi, odò tó wà lórúnkún á sì lè dé àyà kí èèyàn tó rìn dé bèbè. Èèyàn ti kú níbẹ̀. Sàírẹ́ẹ̀nì máa ń dún kí omi tó tú, òfin sì ni pé kí ẹnikẹ́ni tó bá wọ omi láti dáàmù títí dé afárá Òpópónà 20 wọ ẹ̀wù ìléfòó. Corps máa ń fi àsìkò tí wọ́n máa ṣí omi sórí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó wọ omi, torí wọ́n lè yí i padà. Bí ẹ bá sì gbọ́ sàírẹ́ẹ̀nì, ẹ má ní ẹ ó jù ú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ jáde.

Ibi tí mo máa ní kí akọ́ṣẹ́ lọ ni ìsàlẹ̀ odò, láti ibi tí Sope Creek ti wọ Chattahoochee títí dé afárá Cobb Parkway. Ẹ lè gbé mọ́tò sí Cochran Shoals lókè tàbí Paces Mill nísàlẹ̀, ariwo ọkọ̀ Òpópónà 285 kò sì jìnnà sí etí. Láti ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá sí ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, òfin tí wọ́n ń pè ní Delayed Harvest wà lórí ibẹ̀: ìjẹ àtọwọ́dá tó ní ìwọ̀ ẹyọ kan lèèyàn lè lò, gbogbo trout tí wọ́n bá sì mú, wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà sómi. Ìjọba á kó trout tí wọ́n sìn dà síbẹ̀ bí òtútù bá ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì tún máa kó sí i.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa sọ. Irú wèrè wo nìyẹn, ká pa ẹja ká tún dá a padà, nígbà tí a ti lọ ata sílẹ̀? Ẹ dákẹ́ ná, ẹ gbọ́ àǹfààní tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹja tí wọ́n sìn ò tíì gbọ́n. Ó pọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń kó o lọ sílé, nítorí náà èyí tó já mọ́ yín lọ́wọ́ lónìí ṣì wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Akọ́ṣẹ́ ò lè mọ àṣìṣe ẹ̀ àfi tí ẹja bá wà níwájú ẹ̀ láti sọ fún un. Níbi tí ẹja ti wọ́n, ó lè fi gbogbo oṣù jù ú bó ṣe wù ú, kò ní mọ̀ bóyá òun ló burú ni tàbí odò.

Ibẹ̀ náà ní wàhálà tiẹ̀. Dáàmù kejì, Morgan Falls, wà láàárín òun àti Buford, òun ló ń pinnu bí omi ibẹ̀ ṣe máa ga tó, omi tí wọ́n bá sì ṣí lókè láàárọ̀ lè má dé ìsàlẹ̀ títí wákàtí mélòó kan fi kọjá. Lẹ́yìn òjò ńlá, àwọn odò kékeré inú ìgboro á da ẹrẹ̀ sínú ẹ̀, á pupa fóò. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sùn sílé.

Òfin Delayed Harvest kan náà wà lórí apá kan nínú odò Toccoa, Amicalola àti Chattooga lórí òkè. Ojú máa ń gbádùn ibẹ̀ ju ìgboro lọ. Àmọ́ níbi tí òfin náà ti dé wọn, kò sí dáàmù ńlá lókè wọn tó ń bu omi ìsàlẹ̀ adágún sí wọn, bí ojú ọjọ́ bá ṣe rí ni wọ́n ṣe ń rí. Tí òtútù bá ti mú fún òru mẹ́ta mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Tí oòrùn bá tún ràn fún bí ọjọ́ mẹ́ta, ẹ lọ. Yìnyín tó ń yọ́ ló máa ń tan èèyàn jẹ jù: oòrùn ń ràn, ara ń móoru, ẹ rò pé ọjọ́ ti dáa, bẹ́ẹ̀ omi yìnyín ló ń ṣàn wọ odò látàárọ̀, tó ń mú un tutù sí i.

Àwọn ará wa ní Ìlú Ọba ò nílò dáàmù. Ní Hampshire, odò bíi Test àti Itchen ń ti inú ilẹ̀ ẹfun sun jáde, omi orísun wọn a sì máa wà ní nǹkan bíi dígírì 10 tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Wọ́n lówó lórí o, ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ti olówó. Ẹni tó wà ní Leeds tàbí Bradford lè lọ sí Wharfe tàbí Ure, ẹni tó wà ní apá Liverpool lè kọjá sí Dee ní Wales. Ẹja tí wọ́n ń wá lásìkò òtútù ni grayling. Trout wọn ń yé ẹyin nígbà òtútù, òfin sì dáàbò bò wọ́n. Grayling kì í yé títí di ìgbà tí ewé bá ń rú, àwọn ẹja tí òfin England sì fi ọjọ́ 15 oṣù kẹta sí ọjọ́ 15 oṣù kẹfà sinmi fún lódò ló kà á mọ́. Nítorí náà, àárín oṣù kejìlá àti oṣù kejì ni ìgbà tiẹ̀ gan-an. Òtútù ò fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́wọ́ jíjẹun bíi ti trout, agbo ni wọ́n sì máa ń wà, tí ẹ bá mú ọ̀kan, ẹ má kúrò níbẹ̀. Ẹnu ẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, ilẹ̀ odò ló ti ń ṣa jẹ, ó sì fẹ́ràn fly aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn ìwé àṣẹ Environment Agency, ẹ tún máa gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni etí odò tàbí ẹgbẹ́ tó háyà á. Ẹ má rò pé odò Ọlọ́run ni.

Ẹ má jí lọ ní kùtùkùtù. Òdìkejì gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ fún yín nípa apẹja nìyẹn, òótọ́ sì ni. Lásìkò òtútù, omi máa ń tutù jù nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́, á sì máa gba ooru díẹ̀díẹ̀ títí di ọ̀sán. Láàárín aago mọ́kànlá àárọ̀ sí aago mẹ́ta ọ̀sán, ohun tí ẹ máa rí ti tán. Ẹ lè jẹ àkàrà àti ògì ọjọ́ Sátidé yín ní ìrọ̀rùn kí ẹ tó jáde.

Ohun èlò ò pọ̀: ọ̀pá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 9, tí wọ́n kọ nọ́ńbà 5 sí lára, okùn tó ń léfòó, àti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò hàn lómi, bíi ẹsẹ̀ bàtà 9, tí ẹnu ẹ̀ parí sí 5X, ìyẹn bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni ẹ máa fi àmì kékeré kan sí, èyí tó ń léfòó, bíi ìwọ̀n ìlọ́po kan àbọ̀ jíjìn omi sí fly. Fly méjì ni kí ẹ so. Èyí tó wúwo á ṣáájú, bíi Pheasant Tail nọ́ńbà 14 tí wọ́n fi bàbà wé lọ́rùn; ẹ so èyí tó kéré mọ́ ọn nídìí, kó fi bí ínǹṣì 18 jìnnà sí i. Fún èyí kékeré, ẹ mú Zebra Midge: òwú dúdú, wáyà fàdákà tó yí i ká, ìlẹ̀kẹ̀ kan lórí, ó tán. Nọ́ńbà 20 ẹ̀ ò gùn tó hóró ìrẹsì kan, bẹ́ẹ̀ ohun tó kún inú odò lóṣù kìíní kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ẹja tuntun tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sómi, kò yẹ kí ẹ dààmú ara yín tó bẹ́ẹ̀. Fly tó jọ ẹyin ẹja, aláwọ̀ ọsàn, á ṣiṣẹ́.

Ẹ dúró nínú omi tí kò kọjá orúnkún. Níwájú yín, omi kan ń sáré lórí òkúta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ omi mìíràn ń rìn jẹ́jẹ́ lórí ibú, ìlà kan tó ní ìfófò díẹ̀ ló pààlà wọn. Apá jẹ́jẹ́ ìlà yẹn ni ẹja wà, níbi tí kò ti ní lo agbára, tí omi tó ń sáré sì ń gbé oúnjẹ kọjá nítòsí ẹ̀. Ẹ ju fly sókè ibẹ̀ dáadáa, kó lè ráyè rì. Ẹ máa rí i pé omi tó ń sáré ti mú àárín okùn yín, okùn á tẹ̀ bí ọrun, á bẹ̀rẹ̀ sí í fa àmì. Bó bá ti ń fà á, fly nísàlẹ̀ náà ń sáré ju omi tó yí i ká lọ, kòkòrò gidi kì í sì sáré ju omi tó gbé e. Ẹja rí i, kò dá a lóhùn. Kí okùn tó tẹ̀ ni kí ẹ ti gbé ṣóńṣó ọ̀pá, kí ẹ fi yí àárín okùn padà sókè omi, láìfọwọ́ kan àmì. Ìgbésẹ̀ kékeré yìí, tí kò gba agbára, tí kò dùn ún wò, ló ń pa ẹja nígbà òtútù. Ẹni tó bá lè jù ú jìnnà tí kò lè ṣe èyí, afẹ́fẹ́ ló ń pa.

Ẹ má retí pé àmì máa rì wìì. Ó lè kàn dúró díẹ̀, tàbí kó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ìgbà tí fly bá kọ lu òkúta. Ẹ gbé ọ̀pá. Lọ́pọ̀ ìgbà, òkúta ni lóòótọ́. Tí kò bá sì kan òkúta rárá, a jẹ́ pé fly yín ò tíì dé ilẹ̀: ẹ sún àmì sókè, tàbí kí ẹ fún òjé kékeré kan mọ́ okùn. Ohun tí akọ́ṣẹ́ máa ń ṣe ni kó máa pààrọ̀ fly. Ẹ fi ìyẹn ṣe ìkẹyìn. Ẹ gba ojú kan náà kọjá léraléra, kí ẹ tó sún ẹsẹ̀ kan síwájú, torí ẹja ò ní wá bá yín.

Tí okùn bá di yìnyín nínú òrùka ọ̀pá, ẹ ti ọ̀pá bọ omi, á yọ́. Ẹ má fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ, òrùka á bá a lọ.

Aṣọ òwú ò dáa. Tó bá ti tutù, ó di ọ̀tá. Aṣọ irun àgùntàn ni kó sún mọ́ ara, kí ìbọ̀sẹ̀ má sì nípọn débi tí bàtà á fi fún ẹsẹ̀, torí ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ò dé á tutù ju ẹsẹ̀ tó wà ní ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan lọ. Lórí ṣòkòtò rọ́bà tó gùn dé àyà, ẹ di bẹ́líìtì mọ́ ìbàdí gbọngbọn. Èyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́: tí ẹ bá ṣubú, òun ni kò ní jẹ́ kí omi rọ́ kún ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹ mú ọ̀pá ìtilẹ̀ dání, ẹ má dá lọ, kí aṣọ gbígbẹ sì wà nínú mọ́tò. Láti oṣù kọkànlá, tí ẹ bá rí òkúta wẹ́wẹ́ tó mọ́ fóò láàárín èyí tó dúdú, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹyin brown trout lè wà lábẹ́ ẹ̀.

Láísẹ́ǹsì méjì ni Georgia ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16: ti ẹja pípa, àti ti trout. Ẹ fi páńsà tẹ eyín ẹ̀yìn ìwọ̀ mọ́lẹ̀ kí ó lè rọrùn láti yọ. Ẹ rẹ ọwọ́ yín sínú omi kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹja, kí ẹ má sì gbé e jáde fún fọ́tò lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá tutù débi tí omi fi ń dì, torí ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀ lè dì níṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ dì í mú nínú omi, kí ó kọjú sí ìṣàn, títí tó fi máa já ara ẹ̀ gbà.

Láti ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún, ẹni tó ní láísẹ́ǹsì lè mú trout mẹ́jọ lọ sílé lójúmọ́ níbi tí òfin Delayed Harvest wà. Ìjọba ò ka ìyẹn sí àdánù: omi apá ìsàlẹ̀ yẹn á ti máa gbóná lọ, ọ̀pọ̀ trout tó bá ṣẹ́ kù ò sì ní rí òpin ìgbà ooru. Ẹ wá lọ ata yín. Àmọ́ ẹran ara trout rọ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹja àrọ̀. Jíjó díẹ̀ lórí ẹyin iná ló gbà, tí ẹ bá sè é pẹ́ nínú ọbẹ̀, ẹ ó máa fi ṣíbí wá a.